Àkùkọ Oníjà Inú Agboolé

Ẹni tí ó bá ti gbé agboolé kan rí ní Fìdítì tàbí ní Ìlọrà, tàbí ní èyíkéyìí nínú àwọn ìlú Afijió tí ó tò sí ojú ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, kò ní ṣàì mọ irú àkùkọ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí: àkùkọ ọlọ́gbe pupa, abìrù dídán, tí ó fi ẹ̀yìnkùlé ṣe ìjọba, tí ó sì gbà pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń lọ bu omi, tàbí tí ó ń lọ da ilẹ̀ sí ààtàn, tàbí tí ó fẹ́ lọ wo èlùbọ́ tí ó sá sóòrùn, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ òun. Ìyàwó ilé a mú igi lọ́wọ́ kí ó tó já sí ẹ̀yìnkùlé ilé ọkọ ara rẹ̀. Àwọn ọmọdé a yọjú lẹ́nu ọ̀nà, wọn a wo ọ̀tún, wọn a wo òsì, kí wọn tó sáré kọjá. Àlejò tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ a sì gbọ́ pàì lẹ́yìn ojúgun rẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí ó ṣe é. Àwọn ará ilé a bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín a máa tán lẹ́nu wọn lọ́jọ́ tí ó bá jẹ́ ojú ọmọ kékeré ni àkùkọ náà fò mọ́.

Oríṣiríṣi àlàyé ni àwọn ènìyàn wa ń ṣe nípa irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan a ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀, àwọn kan a ní ata ni olówó rẹ̀ ń pò mọ́ ọkà fún un kí ó lè máa ṣọ́lé, àwọn mìíràn a sì ní bí ó ti wà nínú ìran rẹ̀ nìyẹn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Bí a bá fi ara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀, ohun tí a ó rí ni pé àwa fúnra wa ni a sábà máa ń tọ́ àkùkọ oníjà dàgbà: a fi ọwọ́ ara wa bọ́ ọ, a fi ẹ̀rín wa kọ́ ọ níjà, nígbà tí ó sì di ògbóǹtarìgì tán, a tún fi í sílẹ̀ kí ó jẹ́ baba fún gbogbo òròmọdìẹ ọdún tí ń bọ̀.

Kí a tó dá a lẹ́jọ́, ó yẹ kí a sọ rere rẹ̀. Ìran adìẹ kì í ṣe àjèjì nílé Yorùbá. Ìtàn àwọn baba wa sọ pé adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ni ó tan yẹ̀pẹ̀ káàkiri orí omi ní Ilé-Ifẹ̀ tí ilẹ̀ fi fẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ fi yé wa pé inú igbó ilẹ̀ Éṣíà, níhà gúúsù òun ìlà-oòrùn, ni baba ńlá adìẹ ti wá, tí wọ́n sì ti hú egungun adìẹ tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún nílẹ̀ ní Jenné-jeno ní orílẹ̀-èdè Mali. Baba ńlá yìí ṣì ń gbé inú igbó ibẹ̀ títí di òní, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ agbo rẹ̀ ṣeré. Iṣẹ́ akọ ni láti máa wo òkè kí ó máa wo ilẹ̀ nígbà tí àwọn abo bá ń jẹ̀. Bí àwòdì bá ń rà lókè, igbe kan wà tí yóò ké. Bí ó bá jẹ́ ejò tàbí ológbò ni ó ń bọ̀ nílẹ̀, igbe mìíràn ni, àwọn àgbébọ̀ a sì mọ èyí tí wọn ó tìtorí rẹ̀ sá sábẹ́ igi, àti èyí tí wọn ó tìtorí rẹ̀ na ọrùn sókè wò. Bí ó bá rí kòkòrò tí ó sanra, kì í sábà gbé e mì. Yóò fi ẹnu mú un, yóò jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, yóò tún mú un, yóò sì máa pe àwọn ìyàwó rẹ̀ kọ́-kọ́-kọ́ títí wọn ó fi dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ ni kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan ọ̀rọ̀ tòní.

Láàárín àwọn adìẹ fúnra wọn, ipò wà, olúkúlùkù ni ó sì mọ tirẹ̀. Thorleif Schjelderup-Ebbe, ọmọ ilẹ̀ Norway tí ó ti ń ṣọ́ adìẹ láti ìgbà èwe rẹ̀, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1922 pé nínú agbo kan, adìẹ kọ̀ọ̀kan ni ó mọ ẹni tí òun lè ṣá àti ẹni tí ó lè ṣá òun, àti pé bí ètò ipò yìí bá ti fìdí múlẹ̀, ìjà a dínkù, nítorí pé kò sí ohun tí wọ́n tún ń jà sí. Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti wí i tipẹ́tipẹ́ pé àkùkọ gàgàrà ni kì í jẹ́ kí kékeré kọ. Ẹni tí ó bá rò pé àfiwé lásán ni òwe yìí, kí ó gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Japan tẹ̀ jáde ní 2015: wọ́n kó àkùkọ jọ, wọ́n ń ṣọ́ wọn ní ìdájí, wọ́n sì rí i pé èyí tí ipò rẹ̀ ga jù ni ó ń kọ́kọ́ kọ, tí àwọn yòókù ń tẹ̀lé e bí ipò wọn ti tò, nígbà tí wọ́n mú ọ̀gá náà kúrò, igbá-kejì rẹ̀ ni ó bọ́ síbẹ̀ tí ó ń kọ́kọ́ kọ. Ipò yìí ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí àkùkọ bá ka ènìyàn mọ́ àwọn tí òun ń bá du ipò.

Ẹyin ní ń di àkùkọ. Ọjọ́ 21 ni àgbébọ̀ fi ń sàba lé e, nígbà tí ó bá sì pa á, kò sí ẹ̀dá tí ó ṣe pẹ̀lẹ́ tó òròmọdìẹ náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń di oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà, ogbe rẹ̀ a pọ́n, ohùn rẹ̀ a là, ìwo ṣóńṣó a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ a sì yí padà. Kì í ṣe oògùn ni ó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ní 1849, nígbà tí Ọ̀yọ́ tuntun tí Aláàfin Àtìbà tẹ̀ dó kò tíì pé ogún ọdún, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Arnold Berthold, ní ìlú Göttingen ní ilẹ̀ Jámánì, mú ọ̀dọ́ àkùkọ mẹ́fà, ó sì tẹ̀ wọ́n lọ́dàá. Àwọn tí ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ogbe tí ó dàgbà, wọn kò kọ bí akọ, wọn kò wá ìjà, wọn kò sì wo abo lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí ó dá kóró ẹpọ̀n padà sínú ikùn wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ipò rẹ̀ àtijọ́ ni ó wà mọ́, dàgbà di akọ pátápátá: wọ́n ń kọ, wọ́n ń jà, wọ́n ń gun àgbébọ̀. Ohun tí Berthold rí kọ́ nínú èyí ni pé nǹkan kan ń ti ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, òun ni ó ń sọ ẹyẹ di akọ. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń wá àkùkọ tí kò ní ìjà kankan nínú, àkùkọ tí a tẹ̀ lọ́dàá ni ó ń wá, kí ó má sì retí òròmọdìẹ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan ni, gbogbo àkùkọ ni ì bá máa lé ènìyàn, kò sì sí ilé tí a ì bá ti máa sin adìẹ. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Nínú àwọn àkùkọ tí ń jẹ̀ kiri nílẹ̀ wa, púpọ̀ ni ó jẹ́ pé bí ọmọdé bá ń bọ̀, wọn a yà fún un. Bí a ti tọ́ wọn ni ó mú ìyàtọ̀ wá. Ẹ wo bí ó ti máa ń rí: mọ́tò pa àgbébọ̀ lójú títì, tàbí àrùn mú un lọ, ó ku òròmọdìẹ kan ṣoṣo tí ń ké kiri, àánú ṣe àwọn ọmọ ilé, wọ́n gbé e wọlé, wọ́n fi í sínú páálí, wọ́n ń fi ọwọ́ bọ́ ọ ní ẹ̀kọ àti ìrẹsì, ó sì ń sùn lórí itan wọn. Òròmọdìẹ yìí kò rí ìyá tí yóò ṣá a lórí nígbà tí ó bá ṣe àṣejù, kò rí àgbà àkùkọ tí yóò lé e kúrò nídìí oúnjẹ, kò mọ ẹ̀rù ènìyàn, nítorí pé ènìyàn ni gbogbo ẹgbẹ́ tí ó ní. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ akọ bá wá dé sára rẹ̀, ta ni yóò bá du ipò bí kò ṣe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, yóò tẹ ìyẹ́ apá kan sílẹ̀, yóò máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn yí ẹsẹ̀ ọmọ náà ká, yóò máa ṣá ilẹ̀ bí ẹni pé ó ń jẹ nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹni tí ó ń wò. Ìyẹn ni ìkìlọ̀, àwọn ènìyàn a sì sọ pé ó ń jó. Àwọn ọmọ a na ẹsẹ̀ sí i, yóò fò mọ́ ọn. Wọn a sá sẹ́yìn, wọn a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n wọn a mú ìgbálẹ̀ wá kí ó lè túbọ̀ jà dáadáa, àwọn àgbà a jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọn a máa kì í ní akọni. Lójú tiwọn, eré ni. Lójú àkùkọ, ogun ni, òun ni ó sì ṣẹ́gun. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan, a ti kọ́ ọ ní ohun tí a kò ní lè fi pàṣán gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Pàṣán náà sì ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ ronú kàn. Wọn a ta á nípàá, wọn a sọ ọ́ lókò, wọn a lé e kiri títí yóò fi há sí kọ̀rọ̀. Bí a bá lé ajá kan ògiri, yóò yí padà bù ni jẹ. Àkùkọ pẹ̀lú kì í ka ìpá sí ìbáwí, ìdáhùn ìjà ni ó kà á sí, ẹni tí ó bá sì ti dáhùn ìjà ti gbà pé ọ̀rọ̀ ipò wà láàárín àwọn méjèèjì. Mo ti rí i tí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ nídìí igi ọsàn, kí ó má bàa dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Òwe ni a máa ń pa pé adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ, ṣùgbọ́n níhìn-ín òwe náà kò ju ohun tí ojú rí lọ: okùn ń gé e lẹ́sẹ̀, inú ń bí i láti àárọ̀ dalẹ́, ọjọ́ tí ó bá sì já, ojú ẹni tí ó kọ́kọ́ bá pàdé kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ohun tí ó dára jù ni ohun tí àwọn ìyá àgbà máa ń sọ fún ìyàwó tuntun tí àkùkọ ilé ń lé: “Ìyàwó mi, má sáré o. Bí o bá sáré fún un lónìí, títí o ó fi darúgbó ni wàá máa sáré fún un.” Kí ènìyàn dúró, kí ó kọjú sí i, kí ó má nawọ́, kí ó má sì kígbe. Kí ó mú atẹ tàbí ìdérí ìkòkò ńlá dání, kì í ṣe láti fi lù ú bí kò ṣe láti fi bo ojúgun. Bí àkùkọ bá fò mọ́ atẹ náà, kí a má ṣe fà á sẹ́yìn, nítorí ìṣísẹ̀ kan sẹ́yìn, ìṣẹ́gun kan ni fún un. Nígbà tí ó bá dáwọ́ dúró, kí a máa rìn lọ sí ìhà ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí a má ṣe yà fún un, títí òun yóò fi yà. Bí ó bá ti yà, ọ̀rọ̀ tán fún ọjọ́ náà. Kí a yí padà sí iṣẹ́ wa láìlé e.

Ọ̀nà kejì sàn fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le. Adìẹ kì í ríran dáadáa nínú òkùnkùn, nítorí náà lẹ́yìn tí ó bá ti wọlé sùn ni kí a lọ gbé e, kí a fún ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra lábẹ́ abíyá, kí a sì máa gbé e rìn kiri títí ara rẹ̀ yóò fi rọ̀, tí kò ní jà mọ́. Kí a gbé e sílẹ̀ lẹ́yìn náà pẹ̀lú sùúrù. A lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, pàápàá lójú àwọn àgbébọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán, nítorí àkùkọ tí a gbé sábẹ́ abíyá kò lè fi ẹnu sọ pé òun ni olórí. Kí a má ṣe gbé e ní ẹsẹ̀ kí orí máa fì nílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe lọ́jà. Ìyẹn kì í kọ́ ọ ní nǹkan kan ju ìbẹ̀rù ọwọ́ wa lọ. Kí a dẹ́kun fífi ọwọ́ bọ́ ọ, kí a da àgbàdo sílẹ̀ fún gbogbo agbo pọ̀. Ìwo ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, a lè fi fáìlì ra ṣóńṣó orí rẹ̀ kí ó kú, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀bẹ gé e dé ìdí, nítorí egungun àti ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àkùkọ mìíràn gbọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òmíràn kò gbọ́ rárá.

Iye akọ tí ó wà nínú agbo tún ṣe pàtàkì. Àgbò méjì kì í mu omi nínú kòtò kan, bẹ́ẹ̀ ni àkùkọ mẹ́rin kò lè pín àgbébọ̀ mẹ́fà láìṣe pé ilé gbóná: wọn a máa bá ara wọn jà, wọn a máa gun àwọn abo títí ìyẹ́ ẹ̀yìn wọn yóò fi re, ẹni tí ó bá sì gba àárín wọn kọjá a gba tirẹ̀ níbẹ̀. Akọ kan sí àgbébọ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tó. Lóde òní tí adìẹ Noiler tí ilé-iṣẹ́ Amo ní Àwẹ́ ń pa fún àwọn olùsìn adìẹ ẹ̀yìnkùlé ti wọ ọ̀pọ̀ ilé, kí ẹni tí ó bá ra òròmọdìẹ tí a kò ṣa akọ kúrò lára abo wọn mọ̀ pé bí ìdajì wọn ni yóò di àkùkọ, kí ó sì ti mọ ibi tí wọn ó gbà lọ kí ojú wọn tó là. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: àgbébọ̀ kò nílò akọ kankan kí ó tó yé ẹyin. Láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ètò ibùdó àwọn àgbẹ̀ ní 1959, tí Ìlọrà sì di ọ̀kan nínú àwọn ibùdó náà, ni àwọn ènìyàn wa ti ń rí i pé adìẹ òyìnbó ń yé ẹyin nínú àgò tí àkùkọ kò dé. Ẹyin bẹ́ẹ̀ kò lè di òròmọdìẹ ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ṣe dídùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹyin jíjẹ nìkan ni ìwọ ń fẹ́, kí ni o ń fi àkùkọ ṣe?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni ọgbẹ́ àkùkọ. Ní 2019, ìròyìn jáde láti ilẹ̀ Ọsirélíà nípa ìyá àgbà ẹni ọdún 76 kan tí ó lọ kó ẹyin lẹ́yìnkùlé rẹ̀, tí àkùkọ fi ẹnu ṣá a lẹ́sẹ̀, tí ó sì kan iṣan tí ó wú. Ẹ̀jẹ̀ dà títí ó fi kú. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí iṣan ẹsẹ̀ wọn wú kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ọgbẹ́ tí ìwo ẹsẹ̀ àkùkọ bá dá, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, ó máa ń jìn, ilẹ̀ ààtàn ni ẹsẹ̀ náà sì ti ń bọ̀. Omi àti ọṣẹ ni kí a kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́ dáadáa, kì í ṣe ìgbẹ́ màlúù tàbí epo mọ́tò, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ tí ń dènà tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tí ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni gan pa. Bí ó bá jẹ́ ojú ni, kí a má ṣe dúró di ọjọ́ kejì.

Mo wá dé ibi tí mo fẹ́ kí á wò dáadáa jù. Àwọn baba wa kì í fi gbogbo àkùkọ sílẹ̀ láti di àgbà. Bí ọdún bá dé, tí a fẹ́ pa àkùkọ, èyí tí ń da ilé rú ni ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ kàn, èyí tí ó tutù ni ó máa ń ṣẹ́kù pẹ̀lú àwọn àgbébọ̀. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Craig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kansas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1965 pé nígbà tí àwọn ṣa adìẹ tí ń borí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ láti máa bímọ, tí àwọn sì ṣa èyí tí kì í borí sọ́tọ̀ pẹ̀lú, kò pẹ́ púpọ̀ tí ọmọ àwọn ti ìṣáájú fi ń lé ọmọ àwọn ti ẹ̀yìn kiri. Ìwà ń bẹ nínú ìran adìẹ, a sì lè ṣà á. Ṣùgbọ́n lóde òní, nítorí pé àkùkọ ńlá tí ń jà ni ó fani mọ́ra jù, òun ni a ń dá sí, ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ni a ó máa sá fún lọ́dún mẹ́ta òní.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀, kí ó mú un láti ilé tí òun mọ̀, níbi tí ó ti lè rí bí baba ẹyẹ náà ti ń ṣe sí àwọn ọmọdé ilé. Kí ó má sì kàn lọ gbé e lọ́jà nígbà ọyẹ́, kí ó sì tì í mọ́ agbo lọ́jọ́ náà, nítorí ìgbà ọyẹ́ ni àrùn lùkúlùkú máa ń gba ilé jù, ẹyẹ kan ṣoṣo sì lè kó o wá. Kí ó yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó pe dókítà ẹranko fún àjẹsára, kí ó sì fi òru gbé e wọlé pẹ̀lú àwọn yòókù, kí ilẹ̀ lè mọ́ bá wọn pọ̀.

Ní ti èyí tí ó wà nílẹ̀, bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ àgbà nìkan ni ó ń fò mọ́, ẹ fi ìlànà tí mo sọ yìí dán an wò fún oṣù kan. Ṣùgbọ́n àkùkọ tí ó bá ti ta ẹ̀jẹ̀ ọmọdé sílẹ̀ rí, ìkòkò ọbẹ̀ ni ó tọ́ sí, kí a má sì dúró de Iléyá tàbí Kérésì.